Ta ló lè bá mi to ọ̀sẹ̀ mi ní wákàtí-wákàtí?

Àbúrò Leeds
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi, ọ̀rọ̀ mi fẹ́ gùn díẹ̀. Mò ń ka Masters ní Leeds, mo sì ń ṣiṣẹ́ òru méjì lọ́sẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí méje àárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ya àtẹ ọ̀sẹ̀ sórí ìwé báyìí, àpótí kan fún wákàtí kan, láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di mọ́kànlá alẹ́. Gbogbo àpótí ló kún: ìwé kíkà, oúnjẹ sísè, eré ìdárayá, pípe ilé. Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dàrú. Bí ẹyọ kan bá ti yẹ̀, àwọn tó kù á wó tẹ̀ lé e. Àsáìnmẹ́ǹtì méjì ni mo ti fi sílẹ̀ pẹ́. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Èmi náà ti ya irú rẹ̀ rí. Bíro aláwọ̀ mẹ́rin ni mo fi yà á, ó dùn ún wò bí àǹkárá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, kò sì ṣe mí láǹfààní kankan. Bí o ṣe fẹ́ kí ayé rẹ rí lo kọ sórí ìwé yẹn. Kọ bó ṣe rí gan-an ná.

Ọ̀sẹ̀ kan péré. Má yí nǹkan kan padà o, máa ṣe bí o ṣe ń ṣe. Ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta, kọ ohun tí o fi àkókò náà ṣe sínú fóònù rẹ, ìlà kan ti tó: "mo dúró de bọ́ọ̀sì", "mo sùn", "mo wo fídíò". Má purọ́, ìwọ nìkan ló máa kà á. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀; nígbà tí mo ṣe tèmi, mo ti rò pé ilé ìdáná ló ń jẹ ẹ́. Àṣé ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ ni. Ogójì ìṣẹ́jú ní àlọ, ogójì ní àbọ̀, àárọ̀ àti ọ̀sán. Láti Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó lé ní wákàtí 13, n kò sì kọ ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀ sórí àtẹ aláràbarà mi yẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni kó o tó ya tuntun. Oorun ni kó o kọ́kọ́ fi sí i, kó o tó kọ iṣẹ́ pàápàá. Bí o bá ti òru iṣẹ́ dé ní aago mẹ́jọ, mẹ́sàn-án sí mẹ́ta ọ̀sán jẹ́ ti oorun. Fi kọ́tìnnì tó nípọn dí fèrèsé, pa fóònù, má sì bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kí aago márùn-ún tó lù. Lọ́jọ́ tí òru rẹ fún ọ̀sẹ̀ náà bá parí ńkọ́? Díẹ̀ ni kó o sùn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí aago mẹ́wàá sí ọ̀kan, kó o dìde bó tilẹ̀ ń wù ẹ́ láti sùn sí i. Ìyẹn ni oorun alẹ́ á fi gbé ẹ lọ ní aago mẹ́wàá. Èmi kò mọ èyí fún ọdún méjì gbáko, bí àdán ni mo ṣe ń rìn kiri ilé lóru.

Kọ iṣẹ́ tẹ̀ lé oorun, kọ kíláàsì, kọ ọ̀nà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lo ní lọ́wọ́. Pín ìdajì rẹ̀, kó o fi ìdajì sílẹ̀ lófìfo.

Àbúrò Leeds
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ṣùgbọ́n ìdajì kẹ̀? Ṣé kò pọ̀ jù?

Ìyá Ìbejì, Manchester
Bọ́ọ̀sì á ṣaláìwá. Mánígà á pè ẹ́. Ata á tán nílé. Kò pọ̀ jù.

Bọ̀dá Peckham
Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi o. Ṣé bárékè ni ilé yín ni, tí ẹ fi fẹ́ máa fi agogo jẹun? Aró ni ìyá mi ń rẹ l'Abẹ́òkúta, òun ló fi tọ́ àwa méje. Kò ya àtẹ kankan rí láyé rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Manchester
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bọ̀dá mi. Ṣebí ọjà ọrún-ọrún ni màmá ń ná? Ṣé ọjọ́ ọjà gan-an ni wọ́n ń ki aṣọ bọ aró? Ṣé aṣọ tútù ni wọ́n ń rù lọ?

Bọ̀dá Peckham
Háà, rárá o! Bó bá ti ku ọ̀la ọjà, lílù ni wọ́n ń lu aṣọ, wọ́n á ká a, wọ́n á dì í. Bó o bá lọ béèrè owó lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn, wàá gbọ́ tìẹ. Ó dáa, mo ti gbọ́. Orí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n Sheffield
Èmi ti parí ìwé tèmi, àmọ́ ohun kan wà tí àtẹ wákàtí gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, kí àbúrò wa fetí sí i dáadáa. Físà akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì fún wa ní wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń rò pọ̀. Bí o bá ṣe 15 lọ́sẹ̀ yìí, kò ní kó o ṣe 25 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ajé ni ọ̀sẹ̀ wọn sì ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí ní ọjọ́ Àìkú.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ nìyí. Ká ní o wọṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Àìkú: wákàtí mẹ́ta wà nínú ọ̀sẹ̀ tó ń lọ, méje ti bọ́ sínú tuntun. Bí o bá wá tún ṣe òru méjì gbáko kí Àìkú mìíràn tó dé, 27 lo ṣe yẹn, bẹ́ẹ̀ lójú rota, ìyẹn àtẹ tí mánígà fi ń pín iṣẹ́, òru méjì-méjì lo ń ṣe lọ́sẹ̀. Ìwọ ni wọ́n máa bi, wọn ò ní bi rota.

Èkejì ń bọ̀ lópin oṣù yìí. Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, bí aago méjì òru bá lù, wọ́n á dá aago padà sí ọ̀kan. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́jú ọjọ́ náà, wákàtí 11 ló máa ṣe. Òru méjì rẹ ti di 21 nìyẹn. Tètè bá mánígà rẹ sọ ọ́ kó jẹ́ kó o kúrò ní aago mẹ́fà.

Nọ́ọ̀sì Houston
Hẹn-ẹn, ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ilé. Wákàtí 12 ni tiwa níbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, méje sí méje. Àmọ́ wákàtí 14 ni mo ń kọ sílẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú 45 ni mo ń lò lójú ọ̀nà ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀, mo sì gbọ́dọ̀ dúró fa aláìsàn lé ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Google Calendar lèmi àti ọkọ mi jọ ń lò, pupa ni tèmi, àwọ̀ ewé ni tiwọn. Ibi tí kò bá sí pupa tí kò sí àwọ̀ ewé, ibẹ̀ la ti ń jẹun pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí a ò ní rí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà bíi tèmi, tí mọ̀lẹ́bí yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ rántí pé nínú oṣù Kẹta, àwa á ti yí aago tiwa ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú tiwọn.

Àlùfáà Birmingham
Kí àwa Mùsùlùmí tètè fi Jímọ̀ síbẹ̀, láti méjìlá ààbọ̀ sí méjì, kí ẹlòmíì tó fi nǹkan mìíràn dí i. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni mo ti sọ ọ́, títí dòní kò dá wàhálà sílẹ̀.

Àbúrò Leeds
Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo kọ ọ́ bí ẹ ṣe ní kí n kọ ọ́, ojú sì tì mí. Wákàtí 16 ni mo fi wo fídíò, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló jẹ́ ní àárọ̀ tí mo bá ti òru dé, tí mo ní kí n kàn wò ó fẹ́ẹ́rẹ́ kí n tó sùn. Mo wá ń gbé fóònù sí ilé ìdáná báyìí. Ìwé tí mo kọ sí aago mẹ́fà àárọ̀, n kò kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ti gbé e sí aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, mo sì ti fi àsáìnmẹ́ǹtì kan sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Òru mi ti di Ẹtì àti Àbámẹ́ta, mi ò gba Àìkú mọ́. Mánígà kọ́kọ́ wò mí tìyanu-tìyanu nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ aago fún un, ó ka ìka rẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Aago mẹ́fà ni mo kúrò. Ẹ̀gbọ́n Sheffield, ẹ ṣeun púpọ̀.

Ìyá Ìbejì, ìdajì òfìfo yẹn kò tíì ṣeé ṣe. Ìdá mẹ́ta ni mo pín in sí, mo fi ìdá kan sílẹ̀. Eyín ríro ló jẹ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tán.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti màmá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń pè wọ́n. Láti ìgbà tí aago wa ti yí, mẹ́wàá ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ojú oorun ni wọ́n ti ń gbé e, wọ́n á kàn máa dáhùn "hùn-ún, hùn-ún". Mo wá gbé e sí aago mẹ́rin ọ̀sán Àìkú. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè bẹ́ẹ̀, kí n tó kí wọn tán, wọ́n ní, "Kí ló dé o? Ṣé wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?"