Kí ló dé tí Lindbergh fi gbé táǹkì epo síwájú ara rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọkọ̀ òfurufú tí Lindbergh dá nìkan wà la òkun Àtìláńtíìkì kọjá ní May 1927 ò ní gíláàsì níwájú rárá, táǹkì epo ló dí ibẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò gbé e sẹ́yìn?

Èsì: Nítorí ẹ̀mí ni. Bí ọkọ̀ bá forí sọlẹ̀ tí táǹkì wà lẹ́yìn, àárín ẹ́ńjìnnì àti táǹkì ni awakọ̀ máa há sí. Epo tún wúwo: gálọ́ọ̀nù 450 ju kìlógíráàmù 1,200 lọ. Abẹ́ apá ọkọ̀ ni wọ́n gbé táǹkì ńlá sí, kí imú tàbí ìrù má baà tẹ̀ bí epo ṣe ń tán.

Èsì: Òótọ́ lẹ sọ. Táǹkì márùn-ún ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń yí epo láti ọ̀kan sí èkejì. Tó bá fẹ́ wo iwájú, á yí imú ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á wò ó lójú fèrèsé. Ẹ má gbàgbé Fonck, awakọ̀ òfurufú ará Faransé tóun náà fẹ́ la òkun yẹn kọjá: ní September 1926, ẹrù àpọ̀jù ò jẹ́ kí ọkọ̀ tirẹ̀ gbéra ní New York, èèyàn méjì sì jóná. Ìdí nìyẹn tí Lindbergh ò fi gbé rédíò tàbí páráṣúùtì.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Yìnyín ńkọ́?

Èsì: Ó bá a nínú ìkùukùu lóru. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀pá tó gbé apá ọkọ̀ dúró, ó rí yìnyín lára rẹ̀, ló bá ṣẹ́rí padà kúrò nínú ìkùukùu náà. Yìnyín ń ba bí apá ọkọ̀ ṣe rí jẹ́, agbára tó ń gbé ọkọ̀ sókè á dín kù, ẹrù á sì máa pọ̀ sí i.