Kọ̀ǹpútà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ń tan iná, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú monitor dúdú kirikiri. Ẹ gbà mí o

Tòó_Fúnraàmi: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò sùn dáadáa. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí ló jẹ́ tuntun, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti lò rí. Mo tẹ bọ́tìnnì, fáànù mẹ́ta iwájú ń yí, tẹ̀yìn ń yí, iná wọn ń pààrọ̀ àwọ̀ bí òṣùmàrè, àmọ́ monitor á kọ "No Signal", á tún ṣókùnkùn. Ẹni tó ta GPU (káàdì tó ń gbé àwòrán jáde) fún mi ní òun dán an wò kó tó kúrò lọ́wọ́ òun, pé bó bá bàjẹ́, ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo ti tú gbogbo ẹ̀ tò lẹ́ẹ̀mejì. Power supply (àpótí tó ń pín iná) 650W ni mo rà, kì í ṣe yẹpẹrẹ. Ṣé kí n dá GPU yìí padà ni?

Àgbà_Bọ́ọ̀dù: Ẹ má tíì dá nǹkan kan padà. Ẹ sọ àwọ̀ iná fáànù fún wa, ẹ ò sọ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tẹ́ ẹ lò, ẹ ò sì sọ irú motherboard, bọ́ọ̀dù ńlá tí gbogbo rẹ̀ so mọ́. Pé fáànù ń yí kò túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ti jí; iná 12V nìkan ti tó fáànù. Ẹ wo etí bọ́ọ̀dù yẹn, nítòsí RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà). Púpọ̀ nínú wọn ní iná kéékèèké mẹ́rin níbẹ̀: CPU, DRAM (RAM), VGA (GPU), BOOT (ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń jí). Èwo ló tàn tí kò kú? Ihò wo sì ni wáyà HDMI wà?

Ìyá_Wáyà: Àbúrò, RAM ni mo fura sí. Pa iná, yọ méjèèjì, dá ẹyọ kan padà sí A2, ìyẹn ihò kejì téèyàn bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ CPU. Tẹ̀ ẹ́ títí wàá fi gbọ́ "ká!". Bọ́ọ̀dù mìíràn wà tí ìkọ́ rẹ̀ ń ṣí ní ìpẹ̀kun kan ṣoṣo, ìpẹ̀kun tí kò ní ìkọ́ yẹn ló sábà máa ń yọ díẹ̀ sókè láìjẹ́ pé èèyàn rí i.

Sùúrù_Lérè: Tó bá jẹ́ DDR5 ni, ìyẹn RAM ìran tuntun, ẹ má kánjú pa á. Nígbà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀dù á máa dán RAM wò kó lè mọ bí yóò ṣe máa bá a ṣiṣẹ́, ó sì lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí àwòrán tó yọ. Ẹni tó bá ń pa á tó ń tàn án á kàn máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Tòó_Fúnraàmi: Ẹ ṣé o. DDR4 ni, 8GB méjì. CPU mi Ryzen 5 5600. HDMI wà lára motherboard. Ihò wà níbẹ̀ kedere, kí ni wọ́n wá ṣe é fún tí a ò bá gbọ́dọ̀ lò ó? Kì í ṣe pé mo kàn ń já wáyà bọ ibi tó bá wù mí.

Àgbà_Bọ́ọ̀dù: CPU tó ní ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú ni wọ́n ṣe ihò yẹn fún. 5600 kò ní. Nínú àwọn Ryzen 5000 orí AM4 (irú ihò tí CPU yín ń wọ̀), àwọn tó ní G lẹ́yìn nọ́ńbà orúkọ ló ní in. Ẹ gbé HDMI lọ sára GPU, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá GPU náà gba wáyà iná tirẹ̀.

Ìyá_Wáyà: Kí o sì ṣọ́ra níbẹ̀ o. Wáyà oníhò 8 méjì ló ń ti power supply wá. Ti CPU máa ń pín sí 4 àti 4, ti GPU máa ń pín sí 6 àti 2. Èèyàn a máa fi ipá ti ọ̀kan sí ibi èkejì.

Kébù: Kò lè wọlé, ẹnu wọn ò bára mu.

Ìyá_Wáyà: Kò yẹ kó wọlé, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í á fi wọlé, iná á sì gba ibi tí kò yẹ.

Tòó_Fúnraàmi: HDMI ti wà lára GPU báyìí. Wáyà CPU 4+4 wọlé dáadáa. Ẹyọ RAM kan ṣoṣo ló wà ní A2. Kò yí padà rárá. Mo sọ fún yín pé GPU yìí ni!

Àgbà_Bọ́ọ̀dù: Mo ti bi yín nípa iná kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó.

Tòó_Fúnraàmi: Ẹ má bínú. Iná CPU ló pọ́n, kò kú. Ṣé CPU ti jóná ni?

Kébù: Tú u, wo abẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ 1331 ló wà lábẹ́ CPU AM4, ọ̀kan tó bá tẹ̀ ti tó. Má fa heatsink, irin tó ń mú CPU tutù, sókè tààrà o. Yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, díẹ̀ sósì kó tó tú, torí òróró (thermal paste) àárín wọn tó gan lè fa CPU yọ pẹ̀lú ẹ̀ nígbà tí ìkọ́ ihò CPU ṣì wà ní títì.

Àgbà_Bọ́ọ̀dù: Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Orúkọ motherboard ńkọ́?

Tòó_Fúnraàmi: B450 ni. Tuntun ni mo wí, mi ò parọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rà á ní 2019, kò lò ó, inú páálí ló wà tó fi fún mi. Èmi ni mo já ọ̀rá rẹ̀.

Àgbà_Bọ́ọ̀dù: Hẹ̀n-ẹ́n! Ó ti yé mi. 2020 ni Ryzen 5000 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, 5600 gan-an jáde ní 2022. BIOS (ètò kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà) inú bọ́ọ̀dù tó ti wà nínú páálí láti 2019 kò mọ CPU yín rí. GPU ò ṣe nǹkan kan, CPU náà ò jóná.

Ẹ wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, níbi àwọn ihò USB: ṣé bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Flash BIOS tàbí BIOS Flashback sí? Bó bá wà, ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn gba BIOS tó kọ 5600 sínú àtẹ CPU rẹ̀, láti ojú ewé bọ́ọ̀dù yín gan-an. Ti èyí tó jọ ọ́ ò ṣiṣẹ́. Ẹ sọ flash drive di FAT32 (irú ètò ìtọ́jú fáìlì kan), kẹ́ ẹ sọ fáìlì náà ní orúkọ tí ìwé bọ́ọ̀dù ní kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ kì í sínú ihò USB tí wọ́n sàmì sí. Wáyà iná oníhò 24 ti bọ́ọ̀dù àti wáyà CPU gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ tan power supply, àmọ́ ẹ má tan kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀; bọ́tìnnì yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Iná á máa ṣẹ́jú. Títí yóò fi dáwọ́ dúró, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà iná.

Sùúrù_Lérè: Bí bọ́tìnnì ò bá sí, ẹ yá Ryzen àtijọ́, bíi 2600, ẹ fi tàn án, ẹ fi ṣe BIOS, kẹ́ ẹ tó dá 5600 padà.

Tòó_Fúnraàmi: Bọ́tìnnì wà! Ẹ̀ẹ̀kan ló kọ̀, torí flash drive mi kì í ṣe FAT32. Ẹ̀ẹ̀kejì, iná ṣẹ́jú bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó dúró. Mo tan kọ̀ǹpútà, iná CPU kú, àwòrán BIOS yọ! Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ ó ń ka RAM ní 8GB, eré rẹ̀ 2133, bẹ́ẹ̀ 3200 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìyá_Wáyà: Rárá o, àbúrò. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Pa iná, fi èkejì sí B2, ihò kẹrin. Lẹ́yìn náà, wọ BIOS, tan XMP, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Tòó_Fúnraàmi: 16GB, 3200. Mo fẹ́ fi ètò sí i báyìí.