Yẹkínì: ṣé lóòótọ́ ni pé ikú ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ọmọ Aláṣọ Òkè:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyàwó mi bí ọmọkùnrin lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Àìkú tó ń bọ̀ la ó sọ ọ́ lórúkọ. Àgbò méjì ti wà lórí ìso lẹ́yìnkùlé, wọn ò jẹ́ ká sùn. Orúkọ ló kù.

Yẹkínì ni mo fẹ́ sọ ọ́. Orúkọ bàbá tó bí bàbá mi nìyẹn, ahunṣọ ni ní Ìṣẹ́yìn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti ka ìwé mẹ́fà. Bí oníbàárà bá ní kó fojú díwọ̀n òwú tí aṣọ kan máa gbà, kò ní dáhùn. Á tú òwú sílẹ̀, á kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá gbójú sókè: "Ó dá mi lójú báyìí." A tilẹ̀ máa ń sín in jẹ.

Ìyàwó mi ní rárá. Ó ní orúkọ arúgbó ni, pé báwo ni Yẹkínì ṣe máa jókòó sáàárín Ayman àti Rayyan ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyẹn ò dùn mí. Ó tún pe àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kúwéètì, ìyẹn ní ọmọbìnrin lòun mọ̀ tó ń jẹ́ ẹ níbẹ̀. Àná wá ni ẹnì kan nílé wọn ní òun gbọ́ lẹ́nu oníwàásù pé ikú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Kùránì. Ó parí! "Èmi ò ní sọ ọmọ mi ní Ikú."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kéwú, ṣé òótọ́ ni? Àwọn súrà kéékèèké tí mo fi ń kírun ni tèmi mọ.

Akéwú Ìwó:
Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run á wò ó. Oníwàásù yẹn ò parọ́, ó kàn bu ọ̀rọ̀ náà ní ààbọ̀ ni. Yaqīn lọ́rọ̀ náà lédè Lárúbáwá: ìdánilójú, ohun tí iyèméjì ò sí nínú rẹ̀. Ẹnu wa ló sọ ọ́ di Yẹkínì, bí Abdul-Azīz ṣe di Làsísì.

Ẹsẹ tó kẹ́yìn nínú Súrà al-Ḥijr (15:99) ní kí Ànábì máa sin Olúwa rẹ̀ títí al-yaqīn yóò fi dé bá a. Ikú ni wọ́n túmọ̀ ìyẹn sí, ó wà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé hádíìsì tí Bukhari kó jọ. Ti al-Muddaththir 74:47 náà kò yàtọ̀. Ikú ló yá ọ̀rọ̀ náà lò, torí kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Ẹ wá ṣí an-Naml 27:22. Ẹyẹ hudhud pẹ́ lóde, Ànábì Sulaimọ́nù sì ti ní bí kò bá ní àwíjàre, òun lè dúńbú u. Ó dé, ó ní òun mú ìròyìn yaqīn bọ̀ láti Sábà. Ṣé ìròyìn ikú nìyẹn? Ó fojú ara rẹ̀ rí ayaba Sábà ni.

Èyí tó wù mí jù ni at-Takāthur, tẹ́yin náà fi ń kírun. Ó dárúkọ ʿilmal-yaqīn, ó tún dárúkọ ʿaynal-yaqīn. Wọ́n sọ fún ọ pé odò kún, ìmọ̀ nìyẹn. O dé etí odò, o rí i, ìkejì nìyẹn. Ìkẹta, ḥaqqul-yaqīn, wà nínú al-Ḥāqqah 69:51: ọjọ́ tí omi náà mu ọ́ dé ìbàdí. ʿAyn yìí, ojú ni. Ẹ wá wo ohun tí bàbá yín ń sọ nídìí òfì. Yorùbá ò ní "ó dá mi létí". Bàbá ń túmọ̀ orúkọ ara rẹ̀ fáwọn oníbàárà ni!

Òótọ́ ni pé Lárúbáwá ń sọ ọ́ lọ́mọbìnrin. Kò kàn wá.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Yẹkínì ni bàbá tèmi. Lọ́dún 1994, nígbà tí Rashidi Yekini gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n Bulgaria ní Dallas, góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé, ó ti kọjá aago méjìlá òru lọ́dọ̀ wa. Bàbá ti sùn. Gbogbo àdúgbò pariwo "Yẹkínì! Yẹkínì!" Bàbá fò dìde, ó wọ ṣòkòtò lódì, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó bọ́ sójúde: "Mo wà ńbí o! Kí ni mo ṣe?" Títí tó fi kú, "Bàbá Góòlù" làwọn ọmọ àdúgbò fi ń kí i. Ẹ bi ìyàwó yín bóyá orúkọ arúgbó nìyẹn.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ rọra. Ọjọ́ kárùn-ún rèé tí obìnrin yìí bímọ, kò tíì sùn dáadáa, wọ́n wá ń dárúkọ ikú sí i létí. Ẹ má fi súrà bá a jà. Ẹ sọ ìtàn bàbá àti òwú fún un, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kóun náà sọ orúkọ kan.

Ọmọ Aláṣọ Òkè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ka ti Akéwú fún un, ó dákẹ́. Mo ka ti Bàbá Góòlù, ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Àná la sọ ọ́. Ààfáà pe Yaqīn, ìyá mi pe Yẹkínì, ìyá rẹ̀ fi Rayyan kún un, mi ò jiyàn.

Láàárọ̀ yìí ni mo lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí. Akọ̀wé ní ṣé Y-A ni àbí Y-E. Mo ní Y-E. Ó gbójú sókè, ó ní, "Alàgbà, ṣé ó dá yín lójú?"