Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé mo lè kó àwọn ọmọ mi dání kí n tó pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Òkè-Fìà níbí l'Óṣogbo ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń rán. A ṣe ìdána lọ́dún 2014, a sì fọwọ́ síwèé ní kóòtù. Ọmọ méjì la bí: obìnrin ọmọ ọdún 9, ọkùnrin ọmọ ọdún 4 tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu.

Ọkọ mi kì í lù mí, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó ti ní ilé mìíràn níta, a kì í sì í bára wa sọ ju "gáàsì ti tán" lọ. Mo ti pinnu láti lọ. Ohun tó gba oorun lójú mi ni ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ mi sọ nígbà tí wọ́n wá láti Ìkìrun: "Bàbá ló lọmọ. Bó o ṣe wá náà ni wàá ṣe lọ." Ọmọbìnrin mi gbọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kó Ventolin àbúrò rẹ̀, oògùn ikọ́ fée tó ń fà sẹ́nu, sínú báàgì ìwé tirẹ̀, ó ní bí wọ́n bá wá mú wọn lójijì, òun ò ní gbàgbé ẹ̀.

Bí mo bá kó wọn lọ sílé àwọn òbí mi l'Ẹ́dẹ, ṣé wọn ò ní ní mo jí ọmọ gbé? Bí mo bá sì fi wọ́n sílẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Alékúwodò: Má fi wọ́n sílẹ̀, àbúrò mi. Èmi fi ìbínú jáde, mo ní tí mo bá rí ilé gbà, n óò padà wá kó wọn. Ọdún méjì kọjá kí n tó dé iwájú adájọ́. Loyà ọkọ mi bi mí pé kí lorúkọ tíṣà ọmọ mi. N kò mọ̀ ọ́n. Ara mi tutù níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo fi ń rí wọn báyìí.

Ọmọ Ọjà-Ọba: Kó wọn lọ sí Èkó, kó o paná fóònù. Ó parí.

Loyà inú ẹgbẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á nírú ìmọ̀ràn yẹn. Ìyá tó kó ọmọ rẹ̀ dání nígbà tí kóòtù kò tíì pàṣẹ kankan kò jí ọmọ gbé. Ṣùgbọ́n bó bá fi wọ́n pamọ́ fún bàbá wọn, tó sì yọ wọ́n níléèwé, òun ló ń bá ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́. Àwọn méjèèjì ló ṣì lọmọ báyìí.

Ẹ̀yin ìyá aránṣọ, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti fọwọ́ síwèé, kóòtù gíga lẹ máa lọ, kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀. Òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó (Matrimonial Causes Act) ọdún 1970, abala 71, ní ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣáájú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní ti "bàbá ló lọmọ", kóòtù tó ga jù lọ ti sọ nínú ẹjọ́ Okwueze lọ́dún 1989 pé àṣà pàápàá gbọ́dọ̀ tẹ̀ síbi tí ire ọmọ bá wà. Ẹ má sì rò pé torí pé ọkọ yín ní obìnrin níta nìkan ni adájọ́ ṣe máa kó ọmọ fún yín. Ẹni tó ń tọ́ wọn ni adájọ́ ń wò: ta ló ń gbé èyí tó ń ṣàìsàn lọ sọ́sípítù lóru? Ẹ tọ́jú káàdì ọsibítù àti rìsíìtì owó iléèwé. Tí ìwé ẹjọ́ bá ti wọlé, loyà yín lè bẹ kóòtù lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín títí ẹjọ́ yóò fi parí, kí bàbá sì máa san owó oúnjẹ. Bí owó loyà bá le, ẹ wá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò.

Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta: Ìyàwó mi kó tèmi lọ láìsọ, oṣù mẹ́rin ni n kò gbóhùn wọn. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, bó bá lọ sí Ẹdẹ, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ ibi tí wọ́n wà. Ọkùnrin náà ń sunkún ọmọ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. N kò ní sá. Mo ti kó káàdì ọsibítù jọ, mo sì ti bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin sọ̀rọ̀. Mo ní kí ọmọ mi dá Ventolin padà sórí tábìlì lálẹ́ àná. Ó ní kí n jẹ́ kó ṣì wà nínú báàgì òun títí n óò fi rí loyà. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ.