Ìdáhùn ìkẹyìn sí ìbéèrè mi lórí Giannis àti bàbá rẹ̀
Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo béèrè bóyá bàbá Giannis Antetokounmpo, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, wà láyé nígbà tí ọmọ rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Mo ti rí ìdáhùn, ẹ ṣeun. Olóògbé Charles, ọmọ Yorùbá tí òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rí, wà láyé nígbà tí Milwaukee Bucks, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan ní líìgì NBA ti Amẹ́ríkà, mú ọmọ náà ní 2013, ó sì lọ bá a ní Amẹ́ríkà ní 2014, ṣùgbọ́n ó jáde láyé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí Giannis jẹ́ ẹni ọdún 22. Kò rí àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jùlọ ní NBA tí Giannis gbà ní 2019, tí ọmọ náà sunkún bó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sì rí alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2021, tí Giannis gba àmì ayò 50 wọlé láti fi gba ife-ẹ̀yẹ NBA. Ẹni tó ní kí n tún orúkọ Antetokounmpo wò ṣe mí lóore gidi: Adétòkunbọ̀ ni, àkọsílẹ̀ àwọn Gíríìkì ló pa á lójú dà. Àkọ́bí Giannis, tí wọ́n bí ní 2020, ń jẹ́ Liam Charles. Mo pa ìbéèrè yìí dé.