Bọ́ǹdì ilé-ìwé: ìwé méjì, ọ̀rọ̀ méjì, èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìyá Ìbejì, Richmond, Texas

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ kan. Ọdún tó kọjá ni mo di ọmọ onílùú níbí, ìdìbò tí mo máa kọ́kọ́ dì rèé. Àwọn aláṣẹ ilé-ìwé àdúgbò wa ní ká dìbò kí àwọn lè yá owó bọ́ǹdì, ìyẹn gbèsè tí wọ́n máa fi owó-orí ilé wa san. Ìwé tí àwọn ìbejì gbé bọ̀ nínú báàgì sọ pé iye tí wọ́n ń gbà lórí owó-orí ilé kò ní lọ sókè rárá. Mo wá wo àwòkọ ìwé ìdìbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀: THIS IS A PROPERTY TAX INCREASE. Àfikún owó-orí ilé nìyẹn! Ta ló ń purọ́ nínú wọn? Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì pín in sí, A, B àti C. B jẹ́ pápá ìṣeré.

Bàbá àwọn ọmọ ti fárí gá. Owó tí à ń san fún báǹkì lórí ilé ti fò sókè lẹ́ẹ̀mejì nítorí owó-orí yìí kan náà. Gíríìn káàdì ṣì ni tiẹ̀, àmọ́ ó ní òun náà máa lọ síbẹ̀ lọ sọ pé rárá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì

Ẹ fi bọ́ǹdì sílẹ̀ ná, ẹ lọ di ọkọ yín mú! Ẹni tó ní gíríìn káàdì kò gbọdọ̀ dìbò ní Texas, ì báà ṣe ti ilé-ìwé, ì báà ṣe ti ààrẹ. Kó má tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá èèyàn padà sílé. Fọ́ọ̀mù N-400 tó máa kọ lọ́la láti di ọmọ onílùú máa bi í bóyá ó ti dìbò rí, bóyá ó forúkọ sílẹ̀ rí. Tó bá lọ gba láìsẹ́ǹsì ọkọ̀ tí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìbò, kó sọ pé òun ò fẹ́, kó sì wo ohun tó ń fọwọ́ sí dáadáa.

Ẹ̀yin ní tiyín, ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀? Ó pẹ́ tán, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe é nígbà tó bá ṣì ku ọgbọ̀n ọjọ́ sí ìbò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ìyá Ìbejì, kò sí ẹni tó purọ́, àmọ́ kò sí ẹni tó sọ gbogbo ẹ̀. Láti 2019 ni òfin Texas ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbólóhùn yẹn wà lórí gbogbo ìbò bọ́ǹdì ilé-ìwé. Owó-orí lè fẹ́ lọ sókè o, ó lè má fẹ́ lọ o, wọ́n máa kọ ọ́ síbẹ̀ ṣáá ni.

Àwọn aláṣẹ náà ní tiwọn lẹ́nu. Gbèsè àtijọ́ ń tán lọ, ilé tuntun ń hù ládùúgbò bí olú, iye tí wọ́n ń dá lé ilé sì ń gòkè. Nítorí náà wọ́n lè yá owó tuntun kí sẹ́ǹtì tí wọ́n ń gbà lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là iye ilé máà yí padà. Ohun tí ìwé inú báàgì kò sọ ni pé bí ẹ bá ní rárá, sẹ́ǹtì yẹn lè dín kù bí gbèsè ṣe ń tán. Sẹ́ǹtì sì lè dúró sójú kan kí owó tó ń jáde lápò yín máa pọ̀ sí i, torí wọ́n ti sọ pé ilé yín gbówó lórí ju tàná lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní $380,000 ni wọ́n dá lé ilé yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ fúnra yín lẹ ń gbébẹ̀, tí ẹ sì ti kọ̀wé homestead, ìyẹn ẹ̀dínwó owó-orí fún ẹni tó ń gbé ilé ara ẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ yọ $140,000 kúrò kí wọ́n tó bu owó-orí ilé-ìwé lé e ($100,000 ni tẹ́lẹ̀, ìbò November 2025 ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀). Ó ku $240,000. Sẹ́ǹtì kan lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là jẹ́ $24 lọ́dún. Sẹ́ǹtì mẹ́rin, $96. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò ẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì kọ̀wé homestead nínú wa, kó má sùn lónìí.

Tíṣà Kíláàsì Kẹta

Mi ò lè sọ fún yín pé kí ẹ dì í tàbí kí ẹ má dì í. Òfin kò gbà kí wọ́n fi owó ilé-ìwé polongo ìbò, ìdí nìyẹn tí ìwé inú báàgì fi dà bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Àmọ́ ilé mi ni mo wà báyìí, foonu mi sì ni.

Ìkòkò méjì ló wà. Owó oṣù mi, iná, epo bọ́ọ̀sì, ìkòkò kan ni wọ́n ti ń bù ú. Gbèsè ilé kíkọ́ àti àtúnṣe, ìkòkò kejì. Owó bọ́ǹdì kò lè san owó oṣù tíṣà láé, kí ẹnikẹ́ni má fìyẹn tàn yín. Ìkòkò àkọ́kọ́ yẹn ni ìjọba Texas ní Austin máa ń mú nínú ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbègbè tó lówó. Ti gbèsè kì í lọ síbì kankan, àdúgbò ló ń dúró sí.

Ní kíláàsì mi, bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan wà lábẹ́ AC. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ lórúkọ. Bí òjò bá ti ṣú báyìí, ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á dìde fúnra ẹ̀, á gbé àga ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mi ò ní sọ̀rọ̀. Ọdún kẹta rèé.

Ẹ̀gbọ́n Alief

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí Ìyá Ìbejì mọ̀ pé èèyàn lè gbà pé òrùlé ń jò kó sì ní rárá. Ní November 2024, Houston ISD, ìyẹn àwọn aláṣẹ ilé-ìwé ìjọba ní Houston, ní ká jẹ́ kí àwọn yá $4.4 bílíọ̀nù. Ìbò méjèèjì ló ṣubú. Ìjọba Texas ti gba àkóso ibẹ̀ láti 2023, wọ́n yọ ọwọ́ àwọn tí a dìbò yàn, wọ́n fi àwọn tiwọn síbẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń pariwo ni pé bí kò bá sí ìfọkàntán, kò sí bọ́ǹdì. Mo wà lára wọn. Ta lo máa kó bílíọ̀nù lé lọ́wọ́ tí o ò lè dìbò yọ?

Ti pápá ìṣeré, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ Allen, lápá Dallas. $60 mílíọ̀nù ni wọ́n fi kọ́ pápá bọ́ọ̀lù oníjókòó 18,000 fún ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n ṣí i ní 2012. Ní 2014 wọ́n tì í pa, kọnkéré ti sán. Ó di 2015 kí wọ́n tó tún un ṣí. Lónìí pápá tí ìjókòó ẹ̀ bá ju 1,000 lọ gbọ́dọ̀ dá dúró lórí ìwé ìdìbò, kí wọ́n má baà fi òrùlé tó ń jò bò ó mọ́lẹ̀. Ìdí tí B yín fi dá wà nìyẹn.

Ọlámidé R.

Èmi tí mo ń gbé ilé rẹ́ǹtì ńkọ́? Ṣé ó kàn mí?

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ó kàn yín. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ onílùú tí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ ládùúgbò yẹn, ẹ lè dì í. Lánlọ́ọ̀dù yín náà mọ ọ̀nà tó máa gbà gbé owó-orí ẹ̀ lé rẹ́ǹtì yín.

Bàbá Àgbà, Sugar Land

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, ṣílè mẹ́wàá àti sísì ni wọ́n bù lé àwọn bàbá wa lórí fún ilé-ìwé àti ìlera. Bàbá mi bínú sí i. Ọ̀pọ̀ bínú sí i, ó sì wà lára ohun tó ṣẹ́gun ẹgbẹ́ Action Group ní ìpínlẹ̀ wọn nínú ìbò 1954. Bàbá mi tó bínú yẹn náà ló fa ọwọ́ mi lọ sí ilé-ìwé ní 1955.

Èmi máa dì í, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ kí n sòótọ́: láti ìgbà tí mo ti pé ọdún 65 ni owó-orí ilé-ìwé lórí ilé mi ti dúró sójú kan, bọ́ǹdì kò lè gbé e sókè àfi tí mo bá kọ́ yàrá kún ilé. Ó rọrùn fún mi láti lawọ́.

Ìyá Ìbejì, Richmond, Texas

Bàbá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun gbogbo yín. Bí bàbá àwọn ọmọ ṣe gbọ́ N-400, ó gbé tẹlifíṣọ̀n sókè. A ti jókòó ka A: òrùlé, AC, bọ́ọ̀sì. Màá ní bẹ́ẹ̀ ni. B, rárá. C ni ti kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ, ìyẹn ṣì ń dà mí láàmú. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ìbejì gbé bọ̀ lọ́dún kejì ti fọ́ lójú, mo fẹ́ kọ́kọ́ bèèrè ọdún mélòó ni wọ́n máa fi san gbèsè ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ wá gbọ́. Homestead tí ẹ sọ yẹn, a ò kọ ọ́ rí! Ọdún kẹta tí a ra ilé rèé. Mo ti ń ro pé báǹkì ló ń bá wa ṣe é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Háà! Báǹkì kẹ̀? Ẹ fi bọ́ǹdì sílẹ̀, ibí lowó yín ń bá lọ. Òfin gbà kí èèyàn tó pẹ́ béèrè ti ọdún méjì sẹ́yìn padà. Ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé ní county yín lẹ máa kọ ọ́ sí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọ lẹ́tà pé òun máa bá yín ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ wo láìsẹ́ǹsì yín: ṣé àdírẹ́ẹ̀sì ilé yẹn ló wà lórí ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Richmond, Texas

Ti ilé rẹ́ǹtì àtijọ́ ló wà níbẹ̀.