Kí la ó máa pe irú afárá tó wà ní Savage?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Àbá méjì ló wà níwájú wa fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "truss bridge", ìyẹn afárá tí ọ̀pá tí wọ́n so pọ̀ ní onígun mẹ́ta mẹ́ta ń gbé ẹrù rẹ̀: ẹnì kan ní ká pè é ní "afárá onírin", ẹnì kejì ní "afárá onígun mẹ́ta". Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi afárá kan tó ṣì wà lórí ìdúró yẹ àbá méjèèjì wò.

Afárá náà wà ní Savage, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé iṣẹ́ kan ti ń hun aṣọ òwú tó ki, èyí tí wọ́n fi ń rán ìgbòkun ọkọ̀, láti 1822 títí di 1947. Wendel Bollman, káfíńtà tó fúnra rẹ̀ kọ́ ìmọ̀ ẹnjiníà lẹ́nu iṣẹ́ ojú irin Baltimore and Ohio, ló hùmọ̀ irú rẹ̀, tó sì gbàwé ẹ̀tọ́ lé e lórí ní 1852. Ibòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí sí ní 1869. Ní 1887 ni wọ́n gbé e wá sórí odò Little Patuxent, kí ọkọ̀ ojú irin lè máa dé ilé iṣẹ́ náà. Nínú gbogbo afárá irú ti Bollman, òun nìkan ló kù láyé.

"Onírin" kò tó, nítorí pé igi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ irú afárá yìí kí Bollman tó dé. Irin ti Savage pàápàá kì í ṣe oríṣi kan: èyí tí ẹrù ń tẹ̀ jẹ́ irin tí a dà, èyí tí ẹrù ń fà jẹ́ irin tí a rọ (iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wa ti fún wa ní ọ̀rọ̀ méjèèjì tipẹ́). "Onígun mẹ́ta" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrísí ló sọ, kò sọ iṣẹ́. Ní Savage, láti ojú kọ̀ọ̀kan tí ẹrù ti ń tẹ afárá, ọ̀pá irin méjì na tààrà lọ sí orí òpó ìpẹ̀kun méjèèjì, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá já, gbogbo afárá kò ní tìtorí rẹ̀ wó.

"Afárá ẹlẹ́kẹ́" ni èmi fara mọ́. Méjì méjì ni ẹkẹ́ òrùlé ń fara ti ara wọn, tí méjì kọ̀ọ̀kan sì ń gba ẹrù apá tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gba igi, ó gba irin, ẹnu káfíńtà ló sì ti wá. Kí a ṣáà máa fàmì sí i dáadáa níbikíbi tí a bá ti kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á sí "elékèé".